Mo Ní Mo Ti Kà Á Tán

Kò sí ẹni tó mọ táyà tó mi ní gbogbo gúúsù Johannesburg. N kò fi yangàn o, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí tírélà bá yà wọ ọgbà wa, kí awakọ̀ tó pa ẹ́ńjìnnì ni mo ti máa mọ táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín, nítorí bó ṣe ń dún lórí kọnkéré. Màá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan, á sọ ohun tó ń ṣe é fún mi. Àwọn tó lọ sí yunifásítì máa ń fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ yẹn. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n tán, wọ́n á wá bi mí bóyá ohun tí ẹ̀rọ sọ tọ̀nà.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí bàbá mi tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ fọkanáísà létí títì ní Iléṣà. Mo mọ Yorùbá kà, mo sì mọ̀ ọ́n kọ, Bíbélì ìyá mi ni mo fi kọ́ ọ, Yorùbá náà ni mo fi ń kọ èyí. Òyìnbó wà lẹ́nu mi dáadáa, kò sí awakọ̀ tí mo kò lè bá ṣàríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ Òyìnbó yẹn sílẹ̀, ó parí. Mo mọ orúkọ mi kọ, mo mọ nọ́ńbà, mo mọ gbogbo àmì tó wà lára rọ́bà táyà. Ìyókù, mo ti ń bò ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí. Fóònù ni mo fi ń bò ó. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, màá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá ní kó kà á sí mi létí. Bí mo bá fẹ́ fèsì, màá sọ̀rọ̀ sí i, á bá mi kọ ọ́.

Láràárọ̀ mo máa ń ra ìwé ìròyìn lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní róbọ́ọ̀tì, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú títì níbí. Tó bá di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, màá gbé e síwájú, màá tẹjú mọ́ ọn, màá mi orí, màá ṣí ojú ewé mìíràn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè mí ní Púrọ́ọ̀fù.

“Púrọ́ọ̀fù, kí ni wọ́n wí lónìí?”

“Eish, ìjọba yìí!”

Kò sí ọjọ́ kan tí èsì yẹn kò bá ọ̀rọ̀ mu. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á padà sídìí oúnjẹ wọn, èmi náà á sì mí kanlẹ̀.

Ilé iṣẹ́ wa kò jìnnà sí pápá ìsáré ẹṣin ní Turffontein. Táyà tírélà la ń ṣe, a sì ń ṣe ti mọ́tò kéékèèké lápá kan. Èmi ni ọ̀gá àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Adití kan wà lábẹ́ mi, ọmọ Soweto, kò tíì tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Ó mọ Òyìnbó kà dáadáa, ju gbogbo àwa tó kù lọ, ó sì máa ń fi sùúrù kọ́ mi ní èdè ọwọ́ rẹ̀ lákòókò ọ̀sán. Táyà kan: á ká ọwọ́ rẹ̀ bí òrùka. Táyà méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn lẹ́yìn tírélà, ti inú àti ti ìta: á ká ọwọ́ méjèèjì, á tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é padà fún un láìṣì, ó gbá mi lẹ́yìn bí ẹni pé èmi ni àbúrò rẹ̀.

Ohun kan ló ń fẹ́ lọ́wọ́ mi: kí n jẹ́ kó kúrò nídìí mọ́tò kéékèèké, kó wá sídìí tírélà. N kò gbà. Ohùn mi ni mo fi ń dáàbò bo àwọn ọmọ iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe àṣìṣe nídìí tírélà, màá ti pariwo kó tó ṣe é. Adití kò ní gbọ́ ariwo mi. Mo fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún un, ó yé e, ó bínú, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá wa ní Randburg pinnu pé ẹ̀kọ́ ìdáàbòbò á di orí kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ tírélà kọ́kọ́ kọ́ ọ níbẹ̀ kó sì yege. Wọ́n rán ọmọbìnrin kan sí mi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti to irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ọmọ Èkìtì. Bó ṣe rí mi báyìí, ó kúnlẹ̀ sáàárín epo àti omi rọ́bà.

“Dìde, ọmọ mi, o ti ba aṣọ rẹ jẹ́.”

“Kò séwu, Dádì. Ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n ní ẹ̀yin ni ìwé tí mo fẹ́ kà.”

“Ìwé ńlá ni o. Ṣé o ráyè?”

Ó rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí i lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tẹ̀ lé mi kiri nínú ọgbà, tó ń bi mí léèrè, tó ń ya fọ́tò. Mo rò pé tó bá yá á gba ohùn mi sílẹ̀, mo tilẹ̀ ti ń mu oyin sí i láràárọ̀. Ló bá ní wọn kì í lo ohùn ènìyàn mọ́. Á tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á sì kà á jáde.

“Kí ló ṣe ohùn mi?”

“Kò sí ohun tó ṣe é, Dádì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ká yí gbólóhùn kan padà lọ́la ńkọ́? Ṣé màá tún máa gbé ẹ̀rọ sáré tọ̀ yín wá? Èyí, bí mo bá ti tẹ tuntun, ohùn á tún ara rẹ̀ sọ.”

Ó ní kí n yan ohùn. Ó tẹ oríṣiríṣi fún mi gbọ́, tọkùnrin tobìnrin, bí ẹni ń ta rédíò. Mo yan ti ọkùnrin kan tó wúwo, tí kì í kánjú. Mo ní, “Eléyìí jọ mí.” Lẹ́yìn náà ló fi hàn mí pé gbogbo ohun tí ohùn bá ń sọ á máa jáde ní kíkọ nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, nítorí àwọn tí kò gbọ́ràn. Mo pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún un nípa adití mi. Mo ní, “Ẹ̀kọ́ mi á kọ́ ọ ní ohun tí ariwo mi kò lè kọ́ ọ.” Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tó tó bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo wọ tákísì lọ sí Randburg láti lọ gbọ́ ohun tó tò. Gbogbo rẹ̀ dára títí tó fi kan ibi táyà méjì ẹ̀yìn tírélà. Ohùn náà ní: Tú afẹ́fẹ́ táyà ìta jáde, lẹ́yìn náà tú àwọn nọ́ọ̀tì.

Mo fò dìde. “Dá a dúró! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ sà, ti àtijọ́.”

“Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò fọwọ́ kan tírélà rí láyé rẹ̀. Táyà inú ńkọ́? Bí rímù rẹ̀ bá ti sán, nọ́ọ̀tì yẹn nìkan ló ń dì í mú. Bó o bá tú nọ́ọ̀tì tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ó di bọ́ǹbù. Méjèèjì ni wàá tú, ti inú, ti ìta, kó tó kan nọ́ọ̀tì kankan.”

Ó tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ó jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ohùn wúwo tí mo yàn náà sọ ọ́ pátápátá: méjèèjì, ti inú àti ti ìta. Mo jókòó padà bí ọba. Ó wá sọ ohun kan tí mo ṣì ń gbọ́ títí dòní.

Ó ní, “Dádì, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kì í tẹ̀ lé ohùn fúnra rẹ̀ o. Bí mo bá yí ohùn padà, àfi kí n tún pàṣẹ kó ṣe ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tuntun fún ojú ewé yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti tẹ́lẹ̀ náà ló máa wà níbẹ̀. Ojú ewé sì pọ̀, ọ̀kan lè bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Tí mo bá parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, kí ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ àti ohun tí ẹ̀ ń kà jẹ́ ọ̀kan náà.”

Mo ní, “Ìyẹn kò ju iṣẹ́ ọwọ́ òsì mi lọ.”

Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ níbẹ̀. Àwa méjì péré la wà nínú yàrá, Yorùbá la sì ń sọ. Kò ní fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti ń pè mí ní ìwé ńlá láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì ti wọ̀ mí lára.

Nígbà tí mo padà lọ, ó ti to ohun gbogbo sílẹ̀. Nínú yàrá kejì, ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ mìíràn wà tó wá yẹ ẹ̀kọ́ tiwọn wò. Ẹni tó tò ó fún un jókòó tì í, wọ́n ń kà á ní ìlà-ìlà, wọ́n ń tọ́ka sí i. Ọmọbìnrin yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó gbé tíì àti bísíkíìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ohun èlò ìgbọ́ràn sí etí mi, ó fi ibi tí màá máa tẹ̀ hàn mí.

“Ẹ máa wò ó díẹ̀díẹ̀ sà. N kò ní dúró lé yín lórí bí ẹni tó ń ṣọ́ àgbà níbi ìdánwò.”

Ó tẹríba, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ó bọ̀wọ̀ fún mi. Bóyá ká ní ọmọ ibòmíràn ni, tí kò mọ̀ pé a kì í jókòó ti àgbà bí ọlọ́pàá, á ti rí ojú mi bó ṣe ń sáré kiri lórí àwọn ọ̀rọ̀ náà láìrí ibi bà lé.

Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń mi orí sí ohùn mi. Nígbà tó dé ibi táyà méjì, mo rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ jáde, ó kúrú, ó sì pòórá. Ohùn ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń sọ ti inú, ti ìta, méjèèjì, ìsàlẹ̀ sì ti ṣófo. Mo rí i. Mi ò lè sọ pé n kò rí i. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bóyá bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí mo bá pè é, á ní, “Kí ló kọ síbẹ̀, Dádì?” Kí ni màá wá sọ?

Mo mu tíì mi tán. Nígbà tó padà wọlé, ó tún kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ṣé ẹ ti kà á, Dádì? Ṣé wọ́n bára mu?”

“Mo ti kà á tán. Kò sí àbùkù kankan.”

“Ẹ ṣeun sà. Ọkàn mi ti wá balẹ̀.”

Mo kọ orúkọ mi sí ibi tó fi hàn mí. Mo mọ orúkọ mi kọ, ó sì rẹwà.

Adití mi ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀kọ́ náà ní Turffontein. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wò ó. Ní ìparí, ìbéèrè mẹ́wàá wà, kò sí èyí tó kan táyà inú nínú wọn, ó sì gba gbogbo rẹ̀. Ó gbé ìwé ẹ̀rí tó jáde nínú ẹ̀rọ wá bá mi, ó nà án sí mi lójú pé kí n kà á. Mo wò ó, mo mi orí. Ó ká ọwọ́ méjèèjì, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níwájú mi, ó ń bi mí: ní báyìí ńkọ́? Mo gbà fún un. N kò mú un lọ sídìí tírélà kí n fi ọwọ́ ara mi fi hàn án bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tó wá sábẹ́ mi. Mo ní ẹ̀kọ́ mi ti kọ́ ọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Mo ti ṣí ìwé ìròyìn síwájú mi. Tírélà kan wọlé, awakọ̀ rẹ̀ ń kánjú, adití dìde kí n tó dìde. Ó nàka sí mi pé kí n jókòó, kí n máa ka ìwé mi. Mo jókòó. Mo rí i tó gbé jáàkì sí i, tó sì tẹ̀ lára fáàfù táyà ìta títí afẹ́fẹ́ fi tán. Mo yí ojú ewé. Ìró táyà tó bẹ́, èyí tí mo mọ̀ dáadáa, ló bú jáde, gbogbo fèrèsé sì gbọ̀n. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, táyà inú ti bẹ́, ti ìta sì ti fò débi ògiri. Adití jókòó sílẹ̀, kò sọkún, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó gbé ojú sókè sí mi, ó sì fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí ẹnu fáàfù ìta, pé ó tú u. Pé òun ṣe é.

Wọ́n gé ọwọ́ yẹn ní ọrùn-ọwọ́.

Wọ́n pè wá sí Randburg. Mánéjà wà níbẹ̀, ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n tan ojú ewé náà sára ògiri. Mánéjà ní ohùn ń sọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ sì ń sọ nǹkan mìíràn. Ó ka ti ìsàlẹ̀ jáde fún gbogbo wa: tú ti ìta, lẹ́yìn náà tú nọ́ọ̀tì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo mọ ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin náà ní, “Ẹ̀bi mi ni. Mo gbàgbé ojú ewé yẹn.” Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Kò sọ pé bàbá yìí ló ní òun ti kà á. Mo retí kó sọ ọ́, kò sọ ọ́. Èmi náà dákẹ́.

Ní ọjọ́ kejì ẹ̀, mo padà lọ fúnra mi. Mo bá mánéjà ní ọ́fíìsì rẹ̀.

“Èmi ni kí o bá wí, ọmọ yẹn kọ́. Mo buwọ́ lu ohun tí n kò kà. N kò mọ Òyìnbó kà.”

Ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ? Ìwọ tó ń ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ ayé? Ìwọ tí gbogbo wọn ń pè ní Púrọ́ọ̀fù?”

“Mo ń wò ó ni. N kò kà á rí.”

“Gbọ́, mo mọ ẹ̀yin ará Nigeria. Ẹ máa ń bo ara yín. Ó wù mí lára yín, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti gba ẹ̀bi rẹ̀. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ.”

Mo fa ìwé kan lórí tábìlì rẹ̀, mo ní, “Dán mi wò.” Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má fi í ṣeré. Báwo lèèyàn ṣe ń fi hàn pé òun kò mọ nǹkan? Gbogbo iṣẹ́ tí mo fi ọdún púpọ̀ ṣe, mo ṣe é dáadáa. Kò sí ohun tí mo ṣe tí n kì í ṣe é dáadáa.

Mo pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù, mo sọ fún un pẹ̀lú. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ara yín di yẹ̀yẹ́ nítorí mi. Ẹ ti ṣe bàbá fún mi tó.” Òun náà kò gbà mí gbọ́. Mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ó ń palẹ̀ mọ́, pé ó ṣeé ṣe kó padà sílé.

Ó ku ẹnì kan. Mo wọ tákísì lọ sí Soweto ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n adití mi obìnrin ló ṣí ilẹ̀kùn, ó pè mí ní Baba, ó fún mi ní àga. Adití wà lórí àga kejì, báńdéèjì wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó fi dé ìgbọ̀nwọ́. Inú rẹ̀ dùn sí mi, ìyẹn ló burú jù. Ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ fóònù rẹ̀ pẹ́ títí, ó ń ṣì, ó ń pa á rẹ́. Fóònù mi gbọ̀n nínú àpò. Lọ́jọ́ mìíràn ǹ bá jáde síta. Mo gbé e sétí lójú àwọn méjèèjì, mo ní kó kà á. Ohùn tútù kan kà á sí mi létí:

Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Mo tú ti ìta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ṣe wí. Ẹ sọ ibi tí mo ti gbàgbé, kí n lè mọ̀ ọ́n ṣe tí mo bá padà wá.

Mo gbé fóònù sẹ́nu, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ní Òyìnbó. Mo sọ pé kò gbàgbé ohunkóhun. Mo sọ ohun tí ohùn wí àti ohun tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ wí. Mo sọ pé wọ́n ní kí n kà á, pé n kò mọ̀ ọ́n kà, pé mo rí i tó kúrú, pé mo dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ń tò sójú fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, mo wo gbogbo rẹ̀. Ìlà dúdú lórí funfun. Àtàǹpàkò mi wà lórí ibi ìfiránṣẹ́, mo sì rí i pé ohun kan náà ni mo tún fẹ́ ṣe: mo fẹ́ fún un ní ohun tí n kò kà.

Mo na fóònù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Bá mi kà á jáde. N kò mọ̀ ọ́n kà.”

Ó kà á. Ohùn rẹ̀ lágbára ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó dé àárín, ó dúró, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó wá ka ìyókù bí ẹni tí ń rìn nínú ẹrẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.

“Ṣé kí n fi ránṣẹ́?”

“Fi ránṣẹ́.”

Fóònù adití gbọ̀n lórí apá àga. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ká a bí òrùka, táyà kan. Ó gbé báńdéèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń wò mí, ó ń bi mí: méjèèjì? Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ká ọwọ́ tèmi, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ kó lè pé méjì.

Ó gbé tirẹ̀ kúrò.